Ìdí Tí Ago Eré Mọ́tò Kì í Fi í Sọ Òótọ́ Tán

Ọ̀rọ̀ tí a bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ kíláàsì àgbà sọ ní Ìkọ̀lé-Èkìtì

    

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí kò ti inú ìwé wá. Inú mọ́tò ni ó ti bẹ̀rẹ̀, ní ojú ọ̀nà tí gbogbo wa ń ná, láti Ìkọ̀lé sí Ọ̀yẹ́, láti Ọ̀yẹ́ sí Ìfàkì, níbi tí ẹlòmíràn ti ń yà sí Ìdó tí ẹlòmíràn sì ń bá a lọ sí Adó. Ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa ni ó ni mọ́tò náà. Dírẹ́bà ni. Ó ti fún wa láyè láti sọ ọ̀rọ̀ náà, kìkì pé kí a má dárúkọ òun. Ó wà láàárín yín níbẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má wo ẹ̀yìn.

Ní ọjọ́ kan ó gbé èrò ní Ìkọ̀lé, ó ń lọ sí Adó. Ọmọ kan jókòó sí iwájú lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn akẹ́kọ̀ọ́ Yunifásítì Ìjọba Àpapọ̀ tí a dá sílẹ̀ ní ọdún 2011, tí ó ní ọgbà kan ní Ọ̀yẹ́ tí ó sì ní òmíràn níbí ní Ìkọ̀lé. Nígbà tí wọ́n kọjá Ìtàpá, ọmọ náà wo fóònù ọwọ́ rẹ̀, ó ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, eré yìí ti pọ̀ jù. Kìlómítà 88 ni ẹ ń sá."

Dírẹ́bà wo ago tí ó wà níwájú rẹ̀. Abẹ́rẹ́ dúró lórí 85. Inú bí i. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé o rò pé n kò mọ̀wé ni? Mo ti kọ́ ọ o! Mo lè ka nọ́ḿbà. 85 ni mo rí." Ọmọ náà ní 88 ni. Bàbá ní 85 ni. Àwọn èrò bá dá sí i. Ìyá àgbà kan láti ẹ̀yìn ní ọmọ náà kò ní ẹ̀kọ́ ilé, pé kí ni ti ẹ̀ tí ó fi ń bá àgbà jiyàn. Ẹlòmíràn ní kí bàbá dín eré kù, kí wọ́n tún wá máa jà. Bẹ́ẹ̀ ni ariwo náà ṣe bá wọn dé Ìfàkì.

Kí a tó lọ jìnnà, ẹ kíyè sí i pé 85 pàápàá ti ju ohun tí òfin gbà lọ. Mọ́tò akérò kò gbọdọ̀ ju kìlómítà 80 lọ ní wákàtí kan ní irú ojú ọ̀nà yẹn, kò sì gbọdọ̀ ju 50 lọ nínú ìlú. Nítorí náà ẹ̀bi ti wà lọ́rùn bàbá ṣáájú kí ọmọ tó la ẹnu. Ó ti gbà bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìyẹn ni ó dùn ún. Ohun tí ó dùn ún ni pé ó kọ́ nọ́ḿbà kíkà ní ọjọ́ ogbó rẹ̀, ó kà á bí ó ti rí i, ẹnìkan sì wí fún un pé irọ́ ni.

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni ó wá sí kíláàsì. Kò tilẹ̀ jókòó. Ó ní, "Ọ̀gá, ta ni ó ń purọ́ nínú àwa méjèèjì?" Lẹ́yìn náà ni ó dákẹ́ díẹ̀, ó sì wá sọ ohun kan tí kò sọ fún wa rí. Ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan ṣáájú, bí òun ti ń wọ ìlú kan, ọmọdé kan sá tẹ̀lé bọ́ọ̀lù já sí títì. Òun tẹ bíréèkì mọ́lẹ̀. Mọ́tò fà, fà, fà, ó wá dúró. Àtẹ́lẹwọ́ kan péré ni ó kù láàárín bọ́ńpà mọ́tò àti ọmọ náà. Ó ní, "Mo wo ago mi kí n tó tẹ bíréèkì. 50 ni mo wà, gẹ́gẹ́ bí òfin. Mo ti ń bi ara mi láti ọjọ́ náà pé kí ló dé tí mọ́tò kò tètè dúró."

A wí fún un pé òun kò purọ́, ọmọ yunifásítì náà kò sì purọ́. Ago ni a ó bi léèrè.

Ago tí a ń wí yìí ni àwo róbótó tí ó wà níwájú dírẹ́bà, tí abẹ́rẹ́ kan ń rìn lórí nọ́ḿbà rẹ̀. Àwọn onímọ́tò ń pè é ní sípídómítà. Àwa yóò máa pè é ní ago eré. Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé ago eré ń rí bí mọ́tò ti ń sáré. Kò rí nǹkan kan. Kò mọ Ìtàpá, kò mọ Ọ̀yẹ́, kò mọ̀ bóyá òkè ni a ń gùn tàbí pẹ̀tẹ́lẹ̀ ni a wà.

Ẹ jẹ́ kí a gba ọjà kọjá ná. Ẹ̀yin ìyá tí ẹ ń ta gààrí àti ẹ̀wà, ẹ mọ kọ́ńgò dáadáa. Bí oníbàárà bá ní kí ẹ wọn kọ́ńgò 10 fún òun, ẹ ó máa kà á: ení, èjì, ẹ̀ta, títí dé ẹ̀wá. Ó dára. Bí ẹnìkan bá wà ńkọ́, tí ó ti fi òòlù lu ìdí kọ́ńgò tirẹ̀ wọ inú? Ṣé ohun tí ó kà kò pé 10? Ó pé. Ṣé gààrí inú rẹ̀ pé? Kò pé. Kò sí àṣìṣe nínú kíkà. Inú kọ́ńgò ni àléébù wà. (Àwọn tí ń lu ìdí kọ́ńgò mọ ara wọn. A kò wá bá wọn jà lónìí.)

Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ago eré. Kíkà ni iṣẹ́ rẹ̀. Ó ń ka iye ìgbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò yí. Àwọn tí ó ṣe mọ́tò náà ti tò ó láti ilé iṣẹ́ wọn pé, bí táyà bá yí lẹ́ẹ̀kan, ọ̀nà tí mọ́tò lọ jẹ́ báyìí báyìí. Táyà ni kọ́ńgò rẹ̀. Bí táyà tí ó wà lẹ́sẹ̀ mọ́tò kì í bá ṣe irú èyí tí wọ́n fi tò ó, ago yóò máa ka kọ́ńgò lọ ní tirẹ̀, kò ní mọ̀ pé kọ́ńgò ti yí padà.

Báwo ni ó ṣe ń kà á? Nínú mọ́tò àtijọ́, okùn irin kan wà tí ó ń yí, tí ó ti inú gíá wá sí ẹ̀yìn ago. Wọ́n fi òòfà kékeré kan sí orí okùn náà. Òòfà yìí ń yí nínú ife kan tí a fi irin fúyẹ́fúyẹ́ ṣe, irú èyí tí wọ́n fi ń ṣe ìkòkò òde òní. Ẹ mọ̀ pé òòfà kì í lẹ̀ mọ́ irú irin bẹ́ẹ̀. Ẹ dán an wò nílé, yóò já bọ́. Ṣùgbọ́n bí òòfà bá ń yí kíkankíkan nínú rẹ̀, iná mànàmáná díẹ̀ yóò dìde nínú irin náà, ife yóò sì fẹ́ bá òòfà yí. Bí òòfà bá ti yára tó ni yóò ti fa ife tó. Sípíríìngì kan tí ó tín-ín-rín bí irun ni ó di ife náà mú kí ó má bàa yí kọjá ibi tí ó yẹ. Orí ife yìí ni abẹ́rẹ́ wà. Ará Jámánì kan tí ń jẹ́ Otto Schultze ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọgbọ́n yìí ní ìlú Berlin ní ọdún 1902, àwọn onímọ́tò káàkiri ayé sì lò ó fún ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún.

Ó dára, ṣùgbọ́n ohun gbogbo ni ń gbó. Bí òòfà bá ti ń rẹ̀ nítorí ọjọ́ orí, agbára tí ó fi ń fa ife yóò dín, abẹ́rẹ́ yóò sì máa sọ kéré ju eré tí mọ́tò ń sá. Bí ó bá ṣe pé sípíríìngì ni ó rọ̀, abẹ́rẹ́ yóò máa sọ pọ̀ jù. Bí òróró bá gbẹ lára okùn irin, abẹ́rẹ́ yóò máa gbọ̀n bí ẹni tí ibà mú. Bí okùn bá já, abẹ́rẹ́ yóò sùn sórí òdo, kò sì ní dìde mọ́. A ti wọ irú mọ́tò bẹ́ẹ̀ láti Ìjẹ̀lú rí. A bi dírẹ́bà pé eré mélòó ni ó ń sá, ó ní afẹ́fẹ́ tí ń fẹ́ sí òun létí ni òun fi ń mọ̀ ọ́n.

Àwọn mọ́tò tí ó dé lẹ́yìn kò ní okùn irin mọ́. Ẹ̀rọ kékeré kan ni ó ń ka yíyí ẹsẹ̀ tàbí yíyí gíá, ó ń fi iná ránṣẹ́ sí kọ̀ǹpútà inú mọ́tò, kọ̀ǹpútà a sì ṣe ìṣirò. Kò sí òòfà tí yóò rẹ̀ níbẹ̀, kò sí sípíríìngì tí yóò rọ̀. Síbẹ̀, kọ́ńgò náà ni, kò yí padà. Kọ̀ǹpútà kò lè mọ irú táyà tí a so mọ́ ọn bí ẹnikẹ́ni kò bá wí fún un.

Ó yá, ẹ jẹ́ kí a padà sọ́dọ̀ dírẹ́bà wa. Nígbà tí ẹ̀kọ́ parí ní alẹ́ ọjọ́ náà, a mú tọ́ọ̀ṣì kan àti okùn gígùn kan. Káfíńtà kan wà nínú kíláàsì wa, ó mú téèpù ìwọ̀n rẹ̀ dání. Gbogbo wa jáde lọ sí ìdí mọ́tò náà. A ní kí bàbá fúnra rẹ̀ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀gbẹ́ táyà. Ó tẹ̀ ba, ó tanná sí i, ó nu eruku kúrò, ó wá kà á sókè: 195/65 R15.

A ní kí ó ṣí bùútù, kí ó gbé sípíà jáde, èyíinì ni táyà tí ó fi ń rọ́pò bí ọ̀kan bá jò. Ó kà á: 185/65 R14.

Ó wò wá, àwa náà wò ó. Ó ní, "Wọn kò bára mu."

Ó wá rántí. Ní bíi ọdún kan sẹ́yìn ni ó ra táyà tòkunbọ̀ mẹ́rin pẹ̀lú ríìmù wọn, nítorí ọ̀nà kò dára, ó sì fẹ́ kí mọ́tò ga díẹ̀ kúrò nílẹ̀. Wọ́n wọlé, wọn kò ha, ó sì ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Sípíà nìkan ni ó kù nínú èyí tí mọ́tò bá wá.

Ẹ jẹ́ kí a ka àwọn nọ́ḿbà yìí pọ̀, nítorí kò sí táyà mọ́tò kékeré kan ní gbogbo Ìkọ̀lé, Ọ̀yẹ́ àti Ìdó tí irú wọn kò sí lára rẹ̀. Nínú 195/65 R15, nọ́ḿbà àkọ́kọ́ ni fífẹ̀ táyà, mìlímítà 195. Nọ́ḿbà kejì sọ bí ẹ̀gbẹ́ táyà ti ga tó: bí a bá pín fífẹ̀ náà sí ọ̀nà 100, gíga ẹ̀gbẹ́ jẹ́ 65 nínú rẹ̀. Lẹ́tà R sọ irú bí a ti hun inú táyà náà. 15 ni ìbú ríìmù láti ẹ̀gbẹ́ kan sí èkejì, íǹṣì 15. Ní ara ọ̀pọ̀ mọ́tò, bí ẹ bá ṣí ilẹ̀kùn dírẹ́bà, ẹ ó rí ìwé pélébé kan tí a lẹ̀ mọ́ òpó ilẹ̀kùn. Ó kọ irú táyà tí mọ́tò náà ń lò síbẹ̀, àti iye afẹ́fẹ́ tí ó yẹ kí a fẹ́ sí i. Ẹ̀yin tí ẹ ti lè ka nọ́ḿbà, ẹ má ra táyà láì ka ìwé yẹn.

A fi okùn yí táyà ẹsẹ̀ mọ́tò po, a wọ̀n ọ́n. Ó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 199. A yí sípíà po. Ó jẹ́ 187. Nítorí náà, nígbàkúùgbà tí ẹsẹ̀ mọ́tò bá yí lẹ́ẹ̀kan, sẹ̀ǹtímítà 12 wà tí mọ́tò lọ tí ago kò kà.

Ẹlòmíràn ní sẹ̀ǹtímítà 12 kò tó nǹkan. Ìyá aláta kan nínú yín ni ó kọ́kọ́ ṣe ìṣirò náà, ó yára ju àwa tí a ti jẹ́ ọ̀gá ilé-ìwé lọ. Ìgbà 535 ni táyà kékeré ní láti yí kí mọ́tò tó lọ kìlómítà 1. Èyí ni ago mọ̀. Bí táyà ńlá bá yí ní ìgbà 535, mọ́tò ti lọ mítà 1,064. Ó ti fi mítà 64 kọjá ibi tí ago rò pé ó wà. Bí abẹ́rẹ́ bá wà lórí 85, eré tí mọ́tò ń sá yóò jẹ́ 85 lọ́nà 1,064, kí a pín in sí 1,000. Ó jẹ́ 90, ó lé díẹ̀.

Nígbà náà ni káfíńtà wa bi wá ní ìbéèrè kan tí ó mú wa dákẹ́. Ó ní, "Ọ̀gá, ìṣirò wa ní 90. Fóònù ọmọ náà ní 88. Níbo ni 2 yòókù wà?"

Ìbéèrè náà dára púpọ̀. Ìdáhùn rẹ̀ wà ní ilé iṣẹ́ àwọn tí ń ṣe mọ́tò. Òfin kan wà lábẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tí ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ń tẹ̀lé, ní Yúróòpù àti níbòmíràn. Òfin 39 ni wọ́n ń pè é. Òfin náà sọ pé ago eré kò gbọdọ̀ sọ kéré sí eré tí mọ́tò ń sá, láéláé. Ṣùgbọ́n ó lè sọ jù ú lọ. Ìwọ̀n tí ó lè fi jù ú lọ ni ìdámẹ́wàá eré náà, kí a sì fi 4 kún un. Bí mọ́tò bá ń sá 50, ìdámẹ́wàá rẹ̀ jẹ́ 5. A fi 4 kún un, ó di 9. Nítorí náà ago lè sọ 59, kò sì lòdì sí òfin. Bí mọ́tò bá ń sá 80, ago lè sọ títí dé 92.

Àwọn tí ń ṣe mọ́tò mọ̀ pé táyà ń jẹ, pé afẹ́fẹ́ inú rẹ̀ ń dín, pé ẹrù ń tẹ̀ ẹ́. Wọn kò lè tò ó kí ó ṣe déédéé ní gbogbo ọjọ́. Nítorí náà wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ gbé ago náà sókè díẹ̀, kí ó lè jẹ́ pé bí yóò bá ṣì sọ, apá ibi tí kò ní pa ènìyàn ni yóò ṣì sọ sí. Díẹ̀ tí wọ́n bù mọ́ ọn yìí ni ó gbà wá ní 2. Táyà ńlá bàbá ti jẹ gbogbo ẹ̀bùn náà tán, ó sì tún ti jẹ kọjá rẹ̀.

Àwọn dírẹ́bà kan ti gbọ́ nípa bíbù mọ́ yìí, wọ́n sì ti sọ ọ́ di àwáwí. Wọn á ní, "Ago yìí ń ṣe ariwo lásán ni, n ó fi 10 kún un." Ó lè jẹ́ òótọ́ nínú mọ́tò tí gbogbo ẹsẹ̀ rẹ̀ ṣì jẹ́ irú èyí tí ó bá wá. Nínú mọ́tò tí a ti yí ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ọ̀rọ̀ náà lè gbé ni wọ inú igbó.

Táyà tí ó ti jẹ ńkọ́? Ẹ wò ó bí ọmọdé àti bàbá rẹ̀ tí wọ́n jọ ń rìn láti oko. Ìṣísẹ̀ ọmọ pọ̀ ju ti bàbá rẹ̀ lọ kí wọ́n tó dé ilé. Táyà tí ó ti jẹ kéré sí ti tẹ́lẹ̀, nítorí náà ó ń yí jù, ago sì ń sọ pọ̀ ju bí ó ti yẹ. Bí táyà tuntun bá ní ihò ojú tí ó jìn tó mìlímítà 8, tí ó sì jẹ títí ó fi ku 1.6, ìyípo rẹ̀ yóò ti fi bíi sẹ̀ǹtímítà 4 dín. Ìyẹn jẹ́ bíi 2 nínú 100. Táyà tí afẹ́fẹ́ rẹ̀ dín náà ń ṣe bẹ́ẹ̀ díẹ̀. Ní ti ago, kò burú. Ṣùgbọ́n kí ẹnikẹ́ni má tìtorí èyí máa yọ̀ pé táyà òun ti jẹ o! Táyà tí ojú rẹ̀ ti dán kò lè di títì mú bí òjò bá rọ̀.

Ọ̀nà kan wà tí ago fi ń tan ni jẹ tí ó burú ju gbogbo èyí lọ, kò sì kan táyà rárá. Ẹ fetí sílẹ̀ dáadáa níhìn-ín.

Nígbà tí a wà ní ọmọdé, tí bọ́ọ̀lẹ̀kájà ṣì ń gbé èrò àti ẹrù ní ilẹ̀ Èkìtì, máìlì ni ọ̀pọ̀ ago mọ́tò ń kà. Ìlú Ọba ni àwọn mọ́tò náà ti ń wá. Ọwọ́ òsì pàápàá ni mọ́tò ń tọ̀ ní Nàìjíríà títí di ọjọ́ 2 oṣù kẹrin ọdún 1972 tí ìjọba yí wa sí ọwọ́ ọ̀tún. Láàárín àwọn ọdún 1970 náà ni a kúrò ní máìlì, a bọ́ sí kìlómítà. Máìlì 1 ju kìlómítà 1 àti ààbọ̀ lọ.

Wàyí o, mọ́tò tòkunbọ̀ púpọ̀ ń ti Amẹ́ríkà wá. Máìlì ni wọ́n ń kà ní Amẹ́ríkà títí di òní. Nínú àwọn ago wọn, nọ́ḿbà gàdàgbà gàdàgbà ni ti máìlì. Ti kìlómítà kéré, ó fara pamọ́ sí abẹ́ rẹ̀. Ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ nọ́ḿbà, èyí tí ó tóbi ni ojú rẹ̀ yóò lọ bá. Ó wọ ìlú, ó rántí pé òfin ní 50, ó mú abẹ́rẹ́ wá sórí 50 gàdàgbà, ọkàn rẹ̀ balẹ̀. Kò mọ̀ pé kìlómítà 80 ni òun ń sá láàárín ọjà.

Ìwé òfin ojú pópó ti Ìlú Ọba ti ṣe ìṣirò èyí. Mọ́tò tí ó ń sá kìlómítà 48, ìyẹn máìlì 30, yóò lọ mítà 23 láti ìgbà tí dírẹ́bà bá rí ewu títí tí yóò fi dúró. Èyí tí ó ń sá kìlómítà 80, ìyẹn máìlì 50, yóò lọ mítà 53. Ojú ọ̀nà gbígbẹ ni wọ́n ń wí, bíréèkì dídára ni wọ́n sì ń wí. Ẹ fi ẹsẹ̀ wọn mítà 30 tí ó wà láàárín méjèèjì ní iwájú ilé yín, kí ẹ ka iye ọmọ tí ń ṣeré níbẹ̀.

Báwo ni a ṣe lè mọ ìyàtọ̀? Lẹ́tà ni. Ẹ wo àárín àwo náà. Bí ẹ bá rí MPH, máìlì ni nọ́ḿbà tí ó bá a mu. Bí ẹ bá rí km/h, kìlómítà ni. Lẹ́tà mẹ́ta péré, gbogbo wa ni a sì ti kọ́ wọn.

Ẹ̀rọ kan tún wà tí kì í jẹ́ kí eré mọ́tò kọjá ààlà. Láti ọjọ́ 1 oṣù kẹwàá ọdún 2016 ni Àjọ Ẹ̀ṣọ́ Ojú Pópó ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òfin mú àwọn mọ́tò akérò láti ní in. Ó dára. Ṣùgbọ́n èyí tí ó bá ń gba ìròyìn rẹ̀ láti ara yíyí gíá tàbí ẹsẹ̀ mọ́tò, kọ́ńgò kan náà ni òun àti ago jọ ń lò. Bí kọ́ńgò bá ti yí padà, yóò ṣì ààlà náà mú.

Bí ẹnìkan bá fẹ́ dán ago rẹ̀ wò, kò ní ná an ní owó púpọ̀. Fóònù irú ti ọmọ yunifásítì yẹn ń gba àmì láti ọ̀dọ̀ àwọn sátẹ́láìtì tí ó wà lókè ọ̀run, ó sì ń fi mọ ibi tí ó wà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Kò ka táyà rárá. Bí ọ̀nà bá tọ́, tí eré kò sì yí padà, ohun tí ó bá sọ sún mọ́ òótọ́ ju ti ago lọ. Kí dírẹ́bà má fọwọ́ kan fóònù o. Kí ẹni tí ó jókòó tì í máa kà á fún un.

Ẹni tí kò ní irú fóònù bẹ́ẹ̀ lè lo aago ọwọ́. Níbi tí òkúta kìlómítà bá ṣì dúró lẹ́bàá ọ̀nà, kí dírẹ́bà mú abẹ́rẹ́ dúró sójú kan. Kí ẹlòmíràn ka iye ìṣẹ́jú àáyá tí ó gbà wọ́n láti òkúta kan dé èkejì. Kí ẹ fi iye náà pín 3,600. Bí ó bá jẹ́ ìṣẹ́jú àáyá 60, kìlómítà 60 ni ẹ ń sá. Bí ó bá jẹ́ 45, 80 ni. Bí ó bá jẹ́ 36, 100 ni, ẹ sì ti yẹ kí ẹ dín in kù tipẹ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Àìkú kan, nígbà tí títì dá, a bá dírẹ́bà wa lọ. A di fóònù mú, òun di ọwọ́ ọkọ̀ mú. Ó mú abẹ́rẹ́ wá sórí 50, fóònù ní 52. Ó mú un wá sórí 77, fóònù ní 80. Nígbà tí a dúró, ó pa iná mọ́tò, kò sọ̀rọ̀ fún ìgbà díẹ̀. Ó wá bi wá pé kìlómítà 2 yẹn, mélòó ni ó jẹ́ bí a bá tẹ bíréèkì. A ṣe é fún un lórí ìwé. Láti 52, mọ́tò yóò fi ohun tí ó lé ní mítà 1 kọjá ibi tí ìbá ti dúró láti 50. Ó na ọwọ́ méjèèjì síta, ó wo àárín wọn. A mọ ọmọ tí ó ń rántí.

Ó ní òun ti bá ọmọ yunifásítì náà pàdé ní gáréèjì lẹ́yìn náà. Ọmọ náà dọ̀bálẹ̀, ó ń bẹ̀bẹ̀. Bàbá ní kí ó dìde, pé kò sí ìjà mọ́.

Owó tí yóò fi ra táyà irú ti àkọ́kọ́ kò tíì pé lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti ra méjì, ó ku méjì, kò sì fẹ́ so oríṣi méjì mọ́ ọn pọ̀, ó sì gbọ́n nínú èyí. Kí owó tó pé, ó ya ewé kan nínú ìwé kíláàsì rẹ̀, ó kọ nǹkan sí i, ó sì fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀gbẹ́ ago. Ẹni tí ó bá wọ mọ́tò rẹ̀ lè kà á. Ọwọ́ ara rẹ̀ ni ó fi kọ ọ́, lẹ́tà rẹ̀ sì dúró ṣánṣán:

48 NI 50.
77 NI 80.